Bí ẹ ṣe máa kan típà 911 kékeré nínú ilé yín, látorí téèpù dórí ìdọ̀tí

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí n tó gbàgbé, kì í ṣe gúlù lẹ máa kọ́kọ́ rà o, téèpù ni. Téèpù àwọn télọ̀ yẹn, èyí tó rọ̀, torí mọ́tò ò rí gbọọrọ bíi pákó, ibì kan á ṣe roboto, ibì kan á tẹ̀ wọnú, ibì kan á sì ti gbá nǹkan rí tó ti wọ́. Àwọn tó máa ń bi mí pé báwo ni tèmi ṣe ń jọ mọ́tò gidi, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni orúkọ péǹtì olówó ńlá kan tàbí irinṣẹ́ kan tí mo ní kí wọ́n bá mi gbé bọ̀ láti ìlú òyìnbó, kò síyẹn níbẹ̀ jàre. Mo lọ wo mọ́tò ni. Mo wò ó pẹ́.

Ẹ rántí mọ́tò agolo tá a máa ń ṣe ní kékeré, agolo mílíìkì tàbí ti sàdíìnì, táyà tá a gé lára sílípáàsì tó ti já, igi ìgbálẹ̀ tá a fi ṣe áásù, okùn níwájú, ó di à ń wọ́ ọ kiri àdúgbò. Iṣẹ́ yẹn náà ni. Ohun tó fi yàtọ̀ ò ju pé àgbà ti dé, a ti ń wọn nǹkan ká tó gé e.

Èyí tí mo fẹ́ fi ṣàpèjúwe ni típà 911 tó ń kó yanrìn, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí létí omi ní Bàrígà l'Ékòó, lápá Ìlàjẹ, torí òun ló sún mọ́ ilé mi, mo sì ti kan tiẹ̀ tó mẹ́ta. Mercedes ló ṣe é, ní Jámánì, ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú olórí roboto tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kúrú yẹn jáde. Orúkọ yẹn gan-an nítumọ̀: 9 yẹn ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn mọ́tò àti ẹrù ẹ̀ lápapọ̀, 11 sì ni agbára ẹ́ńjìnì ẹ̀, agbára ẹṣin 110. Àmọ́ ẹ lọ bá ẹni tó ń kó yanrìn létí ọ̀sà kẹ́ ẹ sọ fún un pé mẹ́sàn-án ni òpin, ẹ máa gbọ́ èsì.

Tówó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe gbogbo ẹ̀ sínú páálí tó kù kẹ́ ẹ tò ó. Italeri ti Ítálì àti Revell ti Jámánì, 1/24, ìyẹn ìdá kan nínú 24 ìwọ̀n mọ́tò gidi, ni wọ́n sábà máa ń ṣe tírélà tiwọn, AMT ti Amẹ́ríkà ń ṣe 1/25, Tamiya ti Jàpáánù sì ní àwọn gàgàrà onírìmóòtù ní 1/14. 1/24 àti 1/25 sún mọ́ra débi pé ẹ lè yá táyà ọ̀kan fún èkejì, ojú ò ní tètè mọ̀. Gúlù tiwọn yàtọ̀ o, ó jọ omi lásán, ṣe ló máa ń yọ́ ojú rọ́bà méjèèjì díẹ̀ tí wọ́n á fi wọnú ara wọn, torí náà kò lè lẹ páálí, kò lè lẹ igi. Ẹ fi nípà, ẹ̀mú kékeré tó ń gé nǹkan, gé nǹkan kúrò lára férémù ẹ̀, ẹ má fọwọ́ já a, kẹ́ ẹ sì tò ó pọ̀ láìfi gúlù sí i ná kẹ́ ẹ lè rí ibi tí kò ti bára mu. Ìyẹn náà nìyẹn lórí ti inú páálí. 911 tèmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kàn án fúnra mi, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lọ wọ̀n ọ́n

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo bá dírẹ́bà kan níbi tó jókòó sí lábẹ́ agboòrùn, àgbà ni. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wọn mọ́tò yín díẹ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Wọ̀n ọ́n kẹ̀? Ta ló rán ẹ? Ìjọba?"

Mo ní rárá sà, mo fẹ́ ṣe kékeré ẹ̀ ni, mo sì fi fótò dáńfó kan tí mo ti ṣe rí hàn án lórí fóònù. Ọmọ mọ́tò ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, "Bàbá, ó fẹ́ fi mọ́tò yín ṣe tọ́ì ọmọdé o." Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fà á sún mọ́ ojú, ó ní, "Abẹ́ ẹ̀ dà?" Mo ní mi ò ṣe abẹ́. Ó dá fóònù padà. "Lọ wo abẹ́ tèmi kó o tó wọn nǹkan kan. Òkè yẹn, pánẹ́lì bítà kankan lè ṣe é."

Látìgbà yẹn, abẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àmọ́ o, ẹ má wọ abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó yanrìn sí, tó bá gbéra sókè láéláé, kódà kí wọ́n bú yín ní ojo. Àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn ló dáa jù, tàbí ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè tí mọ́tò wà níkàlẹ̀.

Ohun tí mo wọ̀n nìyí, gbogbo ẹ̀ lẹ máa sọ di mílímítà tẹ́ ẹ sì fi 24 pín. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mítà 3.6, ó di mílímítà 150. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà gùn tó bẹ́ẹ̀, 150, ó fẹ̀ ní mítà 2.4, ìyẹn 100, ó ga ní sẹ̀ńtímítà 60, ìyẹn 25. Ṣáàsì, ìyẹn egungun irin abẹ́ mọ́tò, fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 80, ó di 33, irin ẹ̀ ga ní sẹ̀ńtímítà 20, ó di mílímítà 8 péré. Táyà 8.25-20 ló wọ̀, ó ga tó mítà kan ó dín díẹ̀, ẹ ṣe é ní mílímítà 40, ó nípọn ní 9, ríìmù inú ẹ̀ sì jẹ́ 21. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé dírẹ́bà síwájú ẹ̀, èèyàn tó ga ní sẹ̀ńtímítà 170 á di 71. Mọ́tò tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí wẹ́dà ibí ló ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù pẹ̀lú bó ṣe mọ̀ ọ́n, torí náà ẹ má jí ìwọ̀n tèmi, ẹ lọ wọn tiyín.

Fótò náà ṣe pàtàkì. Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa kẹ́ ẹ tó yà á, kẹ́ ẹ wá súùmù ún. Tẹ́ ẹ bá dúró sí i nímú, fóònù á jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ẹ ó sì kan ohun tẹ́ ẹ rí nínú fótò. Ó ti ṣe mí rí.

Ẹni tó bá jẹ́ pé tírélà oníkọ̀ńténà Àpápá ló wù ú, tìẹ rọrùn, torí kọ̀ńténà níwọ̀n kan náà káàkiri ayé: èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní 2.44, ó ga ní 2.59. Lórí tábìlì ó di 252, 102 àti 108. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 á gùn tó 508, kó o yáa ti wá ibi tó o máa gbé e sí.

Ohun tẹ́ ẹ máa lò, àti ibi tó wà

Ẹ lọ sí Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe síìnbọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè àjákù PVC board, mílímítà 3. Èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù ló pọ̀ jù, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ ní owó omi, ẹ ó kó àpò kan lọ sílé. Ó ṣeé fi bíléèdì gé, kì í wú tómi bá kàn án bíi páálí. Strawboard, ìyẹn páálí líle, wà lápá Yábà àti Akọkà níbi táwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ilé ti ń rà á.

Fún ibi tó bá fẹ́ kó tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn, mọ́gáàdì, etí bọ́ńpà, káàdì ATM tó ti kú ni mo máa ń lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Káàdì yẹn nípọn tó mílímítà 0.76, tẹ́ ẹ bá fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀ ó jẹ́ 18, ó jọ irin tó nípọn dáadáa, súpà gúlù sì ń mú un wìn-ìn. Ẹ kàn rí i pé ẹ gé ibi tí nọ́ńbà wà sí wẹ́wẹ́.

Owó ìgbálẹ̀ ò wọ́n, ọwọ̀ kan á tó yín lò fún ọdún mẹ́ta, òun ni páìpù, òun ni rọ́ọ̀dù, òun ni sàlẹ́ńsà. Ṣírínjì ńkọ́, ẹ ra tuntun lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì: 20ml méjì, 5ml kan, 2ml kan, àti okùn dírípù. Máa ṣàlàyé tó bá yá. Súpà gúlù, gúlù funfun àwọn kápẹ́ńtà, bọ́dì fílà kékeré, èyí tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta péǹtì mọ́tò, sáńpépà 240, 400 àti 800. Fún túwísà tó mú, Computer Village ní Ìkẹjà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àtúnṣe fóònù.

Ṣáàsì

Ẹ gé irin gígùn méjì lára PVC, mílímítà 8 ní gíga, 230 ní gígùn. Ẹ lẹ rẹ́rẹ́ káàdì ATM mọ́ orí àti ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè ní ètè bí irin gidi. Ẹ wá ya ìwé gíráàfù kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, orí ìlà ìwé yẹn lẹ ti máa fi irin ìdábùú márùn-ún so méjèèjì pọ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀. Tí ṣáàsì bá lọ́ báyìí péré, tẹ́ ẹ bá parí mọ́tò, táyà kan á máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́.

Sípíríńgì ni nǹkan tí Bàbá yẹn ń sọ. Okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di káàtọ̀nù ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n máa ń gé sílẹ̀ káàkiri ojú títì lálẹ́, ẹ ṣà á. Ẹ là á sí mílímítà 3. Ewé tó wà lókè pátápátá gùn ní 50, èyí tó tẹ̀ lé e 44, ẹ máa dín in bọ̀ títí tẹ́ ẹ fi to méje. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò nígbà tẹ́ ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ kó lè ní ìtẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Típà tó ti ń kó yanrìn fún ogún ọdún, sípíríńgì ẹ̀yìn ẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Tí mo bá rí èyí tí wọ́n ṣe tó ga sókè bíi ti mọ́tò tuntun tí wọ́n tún wá fi ìpẹtà kún gbogbo ara ẹ̀, inú mi kì í dùn, torí òkè ń sọ̀rọ̀ kan, abẹ́ ń sọ òmíì.

Táyà

Sílípáàsì náà ni, a ò kúrò níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú tó sì le. Méje lẹ máa gé: méjì iwájú, mẹ́rin ẹ̀yìn torí ẹ̀yìn jẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀sìtírà. Mo máa ń fi kọ́ńpáàsì fa òbírí sí i, mo fi bíléèdì tuntun gé e kó tóbi ju ìwọ̀n lọ díẹ̀, mo wá ki bóòtù gba àárín ẹ̀, mo ki ẹnu bóòtù yẹn bọ dírìlì, mo fi sáńpépà 240 gbá a létí bó ṣe ń yí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti di roboto. Ẹ bo imú o, eruku rọ́bà yẹn burú.

Tí kò bá sí dírìlì, ẹ lọ bá fọ́kánáísà, ẹ tọrọ àjákù túúbù, ẹ gé e ní rẹ́rẹ́ mílímítà 9, ẹ we é mọ́ etí táyà, ó ń bo gbogbo àṣìṣe. Iwájú ni kẹ́ ẹ fi bíléèdì gé àmì sí dáadáa. Ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó dán, kí ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn tiẹ̀ yàtọ̀ sáwọn yòókù, torí ta ló ń ra táyà mẹ́rin pa pọ̀ fún típà?

Ríìmù ni ṣírínjì 20ml wà fún, ara ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 21 gẹ́lẹ́, àmọ́ iléeṣẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíì, ẹ mú rúlà dání lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì. Ẹ gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, ẹ fi káàdì ATM dí àárín ẹ̀, orí pín-ìnì kéékèèké ló máa di nọ́ọ̀tì. Ẹ ka iye nọ́ọ̀tì tó wà lára mọ́tò tẹ́ ẹ wọ̀n. Tí ọ̀kan bá ti já níbẹ̀, ẹ má ṣe é síbẹ̀.

Orí mọ́tò, ibi tí wàhálà wà

Orí 911 ò ní ibi tó gún régé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wú, mọ́gáàdì ẹ̀ wú sí ẹ̀gbẹ́, òrùlé ẹ̀ tẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo lo fóòmù funfun tó wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n torí ó yá ní gbígbẹ́. Ó dáa, ó rẹwà, mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Mo wá fín péǹtì sí i. Ẹ gbọ́, ojú mi báyìí ló ṣe ń yọ́, tííín, tínà inú péǹtì ń jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ ọ̀rá, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi di nǹkan tó jọ imí adìẹ. Bọ́dì fílà náà á jẹ ẹ́ bákan náà. Ẹ má lo fóòmù yẹn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gé PVC sí ìpele-ìpele, bí ẹni to àkàrà, mo fi súpà gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀ di búlọ́ọ̀kù kan, mo wá ń fi ọ̀bẹ àti sáńpépà 240 fá a. Ẹ kọ́kọ́ fi káàdìbọ́ọ̀dù gé àpẹẹrẹ ojú ẹ̀ mẹ́ta látinú fótò: bó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, láti iwájú, láti òkè. Ẹ máa gbé àpẹẹrẹ yẹn lé e lórí bẹ́ ẹ ṣe ń fá a, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ ò tíì débẹ̀. Ẹ fá apá ọ̀tún díẹ̀, ẹ fá apá òsì díẹ̀, ẹ má parí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì, ojú wọn ò ní jọra láéláé.

Tó bá ti sún mọ́, ẹ po fílà. Hádínà ẹ̀, èyí tó ń mú un gan, ò gbọdọ̀ ju bíi ẹ̀wà kan lọ sí fílà tó tó bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tó bá pọ̀ jù á gan sórí ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀. Ẹ fi í tín-ín-rín, ẹ fá a, ẹ tún fi, ẹ fá a. Ihò wẹ́wẹ́ tó bá kù, ẹ da baking soda sí i, ẹ kán súpà gúlù lé e, á gan lójú ẹsẹ̀ bí òkúta. Ó máa ń gbóná, ó máa ń rú èéfín, ẹ má gbé ojú lé e.

Gíríìlì iwájú, rẹ́rẹ́ káàdì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Iná iwájú, ẹ lo mílímítà 7 tàbí 8, òkúta dídán tí wọ́n fi ń ṣọ̀ṣọ́ sára aṣọ ìnáwó wà ní Balógun, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ní fàdákà, ó jọ gíláàsì iná ju LED lọ. Wíńdíṣíríìnì, ẹ gé e lára ìdérí ike tí wọ́n fi ń di kéèkì. Gúlù funfun lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi súpà gúlù, èéfín ẹ̀ máa mú gíláàsì yẹn ṣe ràkọ̀ràkọ̀ funfun bí ojú arúgbó, á ṣe bẹ́ẹ̀ kú ni.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbéra

Ẹ fi PVC ṣe àpótí ẹ̀, ẹ to ọ̀pá ìdúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe rí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ kọ́ sókè ni, abẹ́rẹ́ kan tó gba ihò méjèèjì kọjá ti tó fún híńjì, abẹ́rẹ́ míì ní ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tó ti so mọ́ ìparí ṣáàsì.

Ṣírínjì ló ń gbé e. 2ml máa wà lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dùbúlẹ̀ ẹ̀ sáàárín irin ṣáàsì méjèèjì kó gbórí sókè díẹ̀, ìdí ẹ̀ so mọ́ ṣáàsì, orí ọ̀pá ẹ̀ so mọ́ abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ní bí ìdá mẹ́ta sí iwájú. Gbogbo ìsopọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lè yí o, ẹ fi pín-ìnì ṣe é, ẹ má fi gúlù. Okùn dírípù á wá ti ibẹ̀ jáde lọ sínú 5ml tó wà lọ́wọ́ yín. Omi lẹ máa kún un, kì í ṣe atẹ́gùn, torí atẹ́gùn máa ń fún pọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì á dúró, dúró, á wá fò sókè lójijì. Ẹ ki gbogbo ẹ̀ bọ inú bésìnì omi kẹ́ ẹ tó so ó pọ̀, títí tí búrúbúrú ò fi ní jáde mọ́. Kẹ́ ẹ tún fi bírò sàmì sára 5ml níbi tí 2ml parí sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tì í kọjá ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀pá fò jáde, omi bo gbogbo nǹkan, yanrìn di ẹrọ̀fọ̀. Inú bí mi, àmọ́ ẹrọ̀fọ̀ yẹn jọ típà gidi ju bí mo ṣe ṣe é lọ.

Péǹtì

Praimà, péǹtì ìsàlẹ̀, kọ́kọ́ ná, kó gbẹ, sáńpépà 800 pẹ̀lú omi. Ẹ fín in láti bíi sẹ̀ńtímítà 20, fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kò gbọdọ̀ tutù ṣàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìta lẹ ti máa fín in, kì í ṣe inú yàrá tí ọmọ ń sùn. Òjò ni ọ̀tá wa l'Ékòó: tí afẹ́fẹ́ bá tutù, péǹtì mọ́tò máa ń di funfun lójú bí ẹni da mílíìkì sí i, torí omi inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀ ọ́ nígbà tí tínà ń gbẹ. Ní July mo máa ń dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá yọ. Bí kò bá yọ, mo máa ń gé sípíríńgì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí péǹtì bó, iyọ̀ ni. Ẹ fi àwọ̀ ìpẹtà fín gbogbo ẹ̀ ná, pupa tó dúdú díẹ̀, kó gbẹ dalẹ̀. Ẹ ta omi sí ibi tó yẹ kó bó, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, kó gbẹ, kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá fín àwọ̀ mọ́tò lé gbogbo ẹ̀, tèmi orí ẹ̀ búlúù, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pupa. Tó bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi gbo iyọ̀ yẹn kúrò. Ibi tí iyọ̀ wà á ṣí sílẹ̀, etí ẹ̀ á ya jágajàga bó ṣe máa ń ya gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ́n ọn kiri bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí ẹyin díndín. Ibo ni mọ́tò ti ń bó? Etí bọ́kẹ́ẹ̀tì lókè níbi tí irin agbọ́n ẹ̀rọ tó ń kó yanrìn ti ń gbá a. Etí mọ́gáàdì. Abẹ́ fèrèsé dírẹ́bà níbi tó máa ń gbé apá lé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ibẹ̀ ò pẹtà, ṣe ló dán. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ò lè ní péǹtì rárá, yanrìn ti họ ọ́ tán, ó ń dán láàárín, igun ẹ̀ nìkan ló pẹtà.

Ìdọ̀tí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò

Fún ìpẹtà tó gbẹ, osùn ni mo ń lò. Osùn tí ìyá ń fi pa ọmọ lára, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kan án díẹ̀ sí igun, ẹ fi ìka fẹ́ ẹ, kò sí páúdà òyìnbó tó jọ ìpẹtà tó o. Ẹnu sàlẹ́ńsà, tìróò. Eruku ojú títì, eérú tó kúnná tẹ́ ẹ pò mọ́ ilẹ̀pa díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ gba inú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Abẹ́ táyà, ẹ po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ gúlù funfun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta á láti ẹ̀yìn táyà síta, bí táyà ṣe máa ń ta á. Ilẹ̀kùn ò ní ẹrọ̀fọ̀ lókè àyàfi tẹ́ ẹ bá ń ṣe mọ́tò tó já sí kòtò.

Yanrìn tẹ́ ẹ máa kó sí i, ẹ sẹ́ ẹ náà. Horo yanrìn tó jẹ́ ìdajì mílímítà, nínú ayé kékeré yìí ó ti tó mílímítà 12, òkúta gíráfẹ́ẹ̀lì nìyẹn, kì í ṣe yanrìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà jọ̀ọ́. Ọwọ́ ni síìn ráítà fi ń kọ ọ́, lẹ́tà á tóbi níbẹ̀rẹ̀, ibi tó ń lọ á wá há mọ́ ọn, á wá fún ìyókù pọ̀ sípẹ̀kun. "Ìyá ni wúrà", "Ayé ń yí", "No condition is permanent", èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni, funfun kọ́kọ́, òjìji dúdú lápá kan. Nọ́ńbà mọ́tò akérò àti akẹ́rù, lẹ́tà pupa lórí funfun ni, búlúù jẹ́ ti ẹni tó ń wa tiẹ̀, ẹ má fi búlúù sára típà. KJA ni ti Ìkẹjà, MUS ni ti Mushin, ẹ fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti mọ́tò ẹlòmíì.

Nígbà tí mo parí ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo gbé e sínú páálí bàtà lọ bá Bàbá yẹn létí omi. Ó yí i dé, ó wo abẹ́ ẹ̀ pẹ́, ó fi èékánná tẹ sípíríńgì, ó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọmọ mọ́tò fẹ́ gbà á, Bàbá ò gbé e fún un. Ó wá yẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó béèrè pé, "Wẹ́jì dà?" Mo ní wẹ́jì wo sà. Ó nawọ́ sí mọ́tò tiẹ̀: igi onígun mẹ́ta kan so rọ̀ pẹ̀lú okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsì, èyí tí ọmọ mọ́tò máa ń sáré bọ́ sílẹ̀ lọ fi dí táyà. Mo ti wọn mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i.

Mílímítà 10 ní gígùn, 8 ní gíga, igi ìṣáná ló dáa jù fún un, ẹ lẹ mélòó kan pọ̀ kó tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ fi tìróò pa á lójú kan níbi tí táyà ti ń gùn ún. Okùn ẹ̀, òwú dúdú méjì tẹ́ ẹ lọ́ pọ̀.